Àdàkọ Kì Í Ṣe Ayédèrú, Ẹnu Wa Ni Ó Ń Sọ Ọ́ Bẹ́ẹ̀

 Ọ̀rọ̀ àga ni a mú wá lónìí.

Ẹ rántí àga mẹ́fà tí a fi owó ẹgbẹ́ rà sí yàrá ìpàdé wa. Ẹni tó tà á fún wa fọwọ́ sọ̀yà pé igi pupa Ṣáínà ni, pé irú èyí tí àwọn ọba wọn ń jókòó lé láyé àtijọ́ ni. Ó ń dán yinrinyinrin. A kò yí i dojúdé wò. Òjò ọdún kan péré ló rọ̀, ẹsẹ̀ àga wú, awọ ojú rẹ̀ ṣí, ni ìyẹ̀fun igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù pọ̀ bá ń dà sílẹ̀. Owó àjùmọ̀dá ni o. Owó aláta, owó elélùbọ́. Ó dùn wá.

Ó sì yẹ kí ojú tì wá. Ta ló lè gbé ankara àdàkọ wá bá wa kó pè é ní ojúlówó? A ó yí i padà, a ó wò ó bóyá àwọ̀ dé òdì rẹ̀, a ó fọwọ́ pa á, a ó ka ohun tí wọ́n kọ sí etí rẹ̀. Kí ló dé tí a fi ń fi ojú lásán ra àga?

Àga tí àwọn ará Ṣáínà ń ṣe lónìí, tí wọ́n ń wo ti ayé ìjọba Ming (1368 sí 1644) tàbí ti Qing tó tẹ̀ lé e ṣe, àdàkọ ni. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Èyí tó dára nínú wọn wọ́n gan-an, nítorí igi rẹ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ tó wà níbẹ̀. Hongmu ni wọ́n ń pe igi náà, ìyẹn igi pupa. Kì í sì í ṣe igikígi tó bá ṣáà ti pupa. Wọ́n ti kọ orúkọ àwọn tó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2017 jẹ́ oríṣi 29.

Ẹ gbọ́ o, igi tiwa wà nínú rẹ̀! Èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní madobiya, ẹbí igi osùn ni. Wọ́n gé e nílẹ̀ wa, wọ́n ń kó o lọ sí Ṣáínà ní kọ̀nténà kọ̀nténà, títí CITES, tó ń bójú tó òwò igi àti ẹranko tó ń tán lọ láyé, fi ní kí àwọn orílẹ̀-èdè dá òwò igi náà dúró pẹ̀lú Nàìjíríà ní 2018. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ń fi "igi òkèèrè" dẹ́rù bà yín, ẹ rẹ́rìn-ín. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀yìnkùlé wa ló ti wá.

Báwo ni a ó ṣe mọ èyí tó dára?

Àkọ́kọ́, ẹ yí i dojúdé. Ojú ni wọ́n ń kùn. Ẹ wo etí pátákó: bí ìlà ara igi tó wà lójú kò bá dé etí, awọ igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Wíwúwo nìkan kò tó, ìyẹ̀fun igi náà a máa wúwo.

Èkejì, oríkèé rẹ̀. Àwọn àgbà káfíńtà Ṣáínà kì í gbára lé ìṣó. Wọ́n á gbẹ́ ihò sára igi kan, wọ́n á gbẹ́ orí èkejì kó wọ inú rẹ̀ pinpin. Ẹ mì í. Bó bá ń jó, tí ìṣó àti gọ́ọ̀mù sì pọ̀ níbẹ̀, kí owó rẹ̀ wálẹ̀.

Ẹ̀kẹta, pátákó àárín. Nínú iṣẹ́ gidi, wọ́n máa ń fi àyè sílẹ̀ fún un nínú férémù, kó lè wú lójò, kó sì sún kì lọ́yẹ́. Bí wọ́n bá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pa, ọyẹ́ ló máa là á.

Ẹ̀kẹrin, bí wọ́n bá ní ti àtijọ́ ni, ibi tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń kàn ló yẹ kó ti jẹ jù. Èyí tó bá gbó dọ́gbadọ́gba káàkiri, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbó o ni.

Ó wá ku àwa tí à ń tà. Àwọn kan ní báwọn bá sọ òtítọ́, ọjà ò ní tà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ra ankara àdàkọ mọ̀ pé àdàkọ ni, wọ́n sì ń rà á, torí owó rẹ̀ bá àpò wọn mu. Ẹni tó bá ní "àdàkọ ni, igi rẹ̀ rèé, iye rẹ̀ rèé," kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹni tó pè é ní ti ọba ló sọ ọ́ di ayédèrú. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a.

Ohun tí a ń bẹ ẹgbẹ́ fún nìyí: láti òní lọ, kí a má fi owó ẹgbẹ́ ra àga láìmú káfíńtà dání, kí ẹni tó tà á sì kọ irú igi tó jẹ́ sínú rìsíìtì. Bó bá kọ̀, ká máa lọ.

Ọjà á tà o, a ò ní rà á lọ́wọ́ òfò. Àmín.

Akọ̀wé ẹgbẹ́