Ẹ Dá Anime Láre, Kí A Bi Ara Wa Léèrè

Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní bárékè Ọ̀jọ́, n kò sì fẹ́ pa á mọ́ra, nítorí àwọn àgbà ti wí pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ọmọ ogun ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, inú bárékè náà ni wọ́n sì ti tọ́ àwọn ọmọ wọn. Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo wí yìí, wọ́n gbé àmàlà àti ewédú ka iwájú wa. Kí ọmọkùnrin wọn tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó fọwọ́ kan oúnjẹ, ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, ó tẹrí ba díẹ̀, ó ní: “Itadakimasu.” Ìyá rẹ̀ fi ìbínú gba fóònù tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní àwọn kátúùnù Japan yìí ni wọ́n ń pa Yorùbá run lẹ́nu àwọn ọmọ òde òní, òun kò sì fẹ́ rí wọn mọ́ nínú ilé òun. Ǹ bá ti dákẹ́, bí kò bá ṣe ti ohun kan: láti ìbẹ̀rẹ̀ ìbáwí náà dé òpin rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀gbọ́n mi fi sọ ọ́.

Ọmọ náà kò jiyàn. Ó kàn yíjú sí mi, òun náà bi mí ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí ni àwọn Yorùbá máa ń sọ kí wọ́n tó jẹun. Mo sọ fún un pé ẹni tí ó fẹ́ jẹun a máa ké sí ẹni tí ó wà nítòsí pé “Ẹ wá jẹun,” ẹni tí a ké sí a sì dáhùn pé “Á gba ibi ire.” Ó ní ẹnikẹ́ni kò sọ èyí fún òun rí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí ó jẹ́ Yorùbá lọ́dọ̀ bàbá àti lọ́dọ̀ ìyá!

Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ gbangba: ẹ̀sùn èké ni a fi ń kan anime. Olè kọ́ ni ó kó èdè wa lọ; àwa tí a ni ilé ni a gbé e jù síta. Mo tilẹ̀ gbà gbọ́ pé bí a bá lo ọgbọ́n, anime lè bá wa rí díẹ̀ he nínú ohun tí a ti sọ nù.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, anime ni orúkọ tí a ń pe eré àwòrán tí àwọn ará Japan ń yà. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1963 ni eré Osamu Tezuka tí àwọn òyìnbó ń pè ní Astro Boy kọ́kọ́ jáde lórí tẹlifíṣọ̀n wọn. Èdè wọn ni wọ́n fi ṣe é, àwọn ọmọ wọn ni wọ́n sì ṣe é fún. Ẹ̀yìn èyí ni Amẹ́ríkà wá túmọ̀ rẹ̀ sí èdè tiwọn. Lọ́dọ̀ tiwa, nígbà tí àwo DVD ṣì ń tà, ọjà Àlàbá kò jìnnà sí bárékè, ibẹ̀ ni Dragon Ball Z àti Naruto ti ń wọ ilé. Lónìí, inú fóònù ni gbogbo rẹ̀ wà. Láti bárékè dé Ìyànà Ìbá, láti ibẹ̀ dé Òkokomáíkò, ọmọ Àwórì, ọmọ Ègùn, ọmọ Haúsá àti ọmọ Ìgbò jọ ń jiyàn lórí ẹni tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù láàárín Naruto àti Goku.

Ẹ jẹ́ kí a gbé àwáwí tí ó wọ́pọ̀ jù yẹ̀ wò. Wọ́n ní àwọn ọmọ kò gbọ́ Yorùbá mọ́, nítorí náà eré tí a bá fi Yorùbá ṣe fún wọn kò ní tà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè Japan nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹ bá fún un ní èyí tí wọ́n fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde, kò ní gbà. Ó ní ohùn àwọn tí ó ni eré ni ó dùn jù. Yóò jókòó, yóò máa fi etí gbọ́ èdè Japan, yóò máa fi ojú ka ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà nísàlẹ̀ àwòrán. Olùkọ́ kan kò na ẹgba sí i, ìdánwò kan kò sì dúró dè é. Eré dùn, èdè sì bá eré wọlé. Ta ni yóò wá sọ fún mi pé àìgbọ́ ni ó ń lé àwọn ọmọ sá fún Yorùbá? Ohun tí yóò mú wọn fẹ́ gbọ́ ọ ni a kò ṣe.

Ohun kejì tún wà tí ó yà mí lẹ́nu. Bí ọmọ inú anime bá ń jáde nílé, yóò ní “Itte kimasu.” Ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an ni “mo ń lọ, mo ń bọ̀.” Bí ó bá dé, yóò ní “Tadaima,” àwọn ará ilé yóò sì dá a lóhùn pé “Okaeri”: “Mo ti dé o,” “Káàbọ̀.” Bí òṣìṣẹ́ bá parí iṣẹ́ òòjọ́, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò kí i pé “Otsukaresama,” èyí tí ó sún mọ́ “Ẹ kú iṣẹ́” tímọ́tímọ́. Gẹ̀ẹ́sì kò ní ìkíni bẹ́ẹ̀, ṣe ni ó máa ń fà á tí kì í dùn. Senpai ni ẹni tí ó ṣáájú ẹni nílé ìwé tàbí lẹ́nu iṣẹ́, ìyẹn ẹ̀gbọ́n, bí ẹ kò tilẹ̀ jọ jẹ́ ọmọ ìyá. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì a kàn kọ orúkọ onítọ̀hún gbalaja, bí ẹni pé ẹgbẹ́ ni wọ́n. Ẹ wò ó, Yorùbá ìbá gba ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wọlé ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, ṣùgbọ́n ẹnu Gẹ̀ẹ́sì ni a ń gbà gbọ́ wọn.

Nítorí kí ẹ má baà rò pé mo ń gbèjà ohun tí n kò mọ̀, eré mẹ́rin nìyí tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ó fẹ́ràn èdè rẹ̀ wò.

Èkíní ni Chihayafuru, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2011. Ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Chihaya fi gbogbo ọkàn rẹ̀ sí ìdíje káàdì kan. Ewì àtijọ́ 100 ti akéwì 100, tí Fujiwara no Teika kó jọ ní nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn, ni wọ́n kọ sára káàdì náà. Ẹni kan yóò máa ké ìbẹ̀rẹ̀ ewì, àwọn méjì tí wọ́n kojú ara wọn yóò sì máa du káàdì tí ìparí rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ewì méje wà tí òǹdíje máa ń dá mọ̀ láti orí sílébù àkọ́kọ́! Àwọn ọmọ ilé ìwé ni wọ́n ń làágùn nítorí ewì àwọn baba ńlá wọn, èmi tí mo sì ń wò wọ́n kò lè dìde. Mo bi ara mi pé: kí ni ó dí wa lọ́wọ́ láti kọ òwe wa sára káàdì? Ẹnì kan yóò ké “Àgbà kì í wà lọ́jà,” ọwọ́ tí ó bá yá jù yóò gbá “kí orí ọmọ tuntun wọ́.” Iye owó wo ni bébà líle àti gègé ń jẹ?

Èkejì ni Shōwa Genroku Rakugo Shinjū, ti 2016 àti 2017. Rakugo ni iṣẹ́ apàlọ́ ilẹ̀ Japan: ẹnì kan ṣoṣo a jókòó sórí tìmùtìmù pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ àti aṣọ ìnujú, a sì máa fi ohùn rẹ̀ di gbogbo ènìyàn inú ìtàn. Nínú eré yìí, àgbà ọ̀jẹ̀ kan tí ń jẹ́ Yakumo ti pinnu pé kí iṣẹ́ náà bá òun wọ sàréè. Kò fẹ́ gba ọmọ iṣẹ́ kankan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹ̀wọ̀n dé ni ó wá bẹ̀ ẹ́ títí tí ó fi gbà. Bí mo ti ń wò ó ni mo ń rántí àwọn àgbà tiwa tí wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ èdè lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n máa ń fi ọmọ tí ó bá ṣi ohùn pè ṣe ẹ̀sín títí tí ọmọ náà yóò fi pa ẹnu dé. Ẹni tí ń fi akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ẹlẹ́yà ti gbẹ́ sàréè èdè sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni Golden Kamuy, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2018. Ológun kan tí ó ti ogun Japan àti Rọ́ṣíà ti 1904 sí 1905 bọ̀, Sugimoto, pàdé Asirpa, ọmọbìnrin ẹ̀yà Ainu, àwọn méjèèjì sì jọ ń wá wúrà kiri. UNESCO ka èdè Ainu mọ́ àwọn tí ó wà ní bèbè ikú, ọdún 2019 sì ni òfin Japan ṣẹ̀ṣẹ̀ pe àwọn Ainu ní onílẹ̀. Àwọn tí ó ṣe eré yìí kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú èdè náà: wọ́n ní ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ̀ èdè Ainu, Hiroshi Nakagawa, gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn. Bí Asirpa bá ń jẹun, “hinna” ni ó ń wí láti fi ìmoore hàn, Sugimoto náà sì kọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Èdè tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú ti tipa bẹ́ẹ̀ dé bárékè Ọ̀jọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mọ “hinna” kí ó tó mọ “Á gba ibi ire.” Ta ni kí a bá wí?

Ẹ̀kẹrin, tí ó jẹ́ tuntun jù nínú wọn, ni Frieren, ti 2023. Ẹ̀dá tí ó ti lo ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ láyé ni Frieren. Ọdún mẹ́wàá tí ó fi bá Himmel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rìn kò jọ ọ́ lójú. Ó padà dé lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, Himmel ti darúgbó, kò sì pẹ́ tí ó fi kú. Níbi ìsìnkú rẹ̀ ni ó ti sunkún pé òun kò wá àyè láti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá àgbà ní abúlé, fóònù yín lè gba ohùn sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó di ojú oórì.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n fàbọ̀ sílé. Ní oṣù kejì ọdún 2024, Iwájú jáde lórí Disney+. Ilé-iṣẹ́ Kugali àti Disney ni wọ́n jọ ṣe é, Èkó ọjọ́ ọ̀la ni ibùdó ìtàn rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Iyanu tí Roye Okupe kọ bẹ̀rẹ̀ lórí Cartoon Network. Inú ìtàn àti ìgbàgbọ́ Yorùbá ni ó ti bu omi mu. Inú mi dùn sí méjèèjì, ẹ sì wò wọ́n pẹ̀lú àwọn ọmọ yín. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kò ní kí n má sọ òun: orúkọ Yorùbá ni wọ́n ń jẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi gbé wọn jáde. Orí wọ gèlè, ahọ́n wọ kóòtù. Wọn yóò ní ọjà àgbáyé ni ó fà á. Japan kò ha tà lọ́jà àgbáyé bí? Àwọn fíìmù Aníkúlápó ti 2022 àti Jagun Jagun ti 2023 ńkọ́? Yorùbá ni wọ́n sọ nínú wọn, Netflix gbé wọn kiri ayé, àwọn àlejò sì ka ìtumọ̀. Ohun tí àgbàlagbà rí gbà, kí ló dé tí ọmọdé kò lè rí i gbà?

N kò sọ pé gbogbo anime ni ó yẹ ọmọdé. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú Golden Kamuy tí mo yìn yìí, n kò sì ní gbé e fún ọmọ ọdún mẹ́tàlá kí n tó jókòó tì í. Òmíràn wà tí ìhòòhò kún inú rẹ̀. Iṣẹ́ òbí ni láti yẹ̀ ẹ́ wò. Mo sì mọ̀ pé owó ńlá ni yíya eré àwòrán. Ṣùgbọ́n títúmọ̀ kì í ṣe owó ńlá. Kí àwọn ilé-iṣẹ́ tó rí èrè nínú rẹ̀, àwọn ololùfẹ́ anime ní Amẹ́ríkà ti ń fi ọwọ́ ara wọn túmọ̀ rẹ̀ láìgba owó. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí ẹ wà ní Ọ̀jọ́ níbẹ̀, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. N kò ní kí ẹ jí iṣẹ́ oníṣẹ́ tà. Mo ní kí ẹ mú ìran kan, kí ẹ túmọ̀ rẹ̀ fún ìdánrawò, kí ẹ fi àmì ohùn sí i, kí ẹ sì fi han àwọn àbúrò yín. Ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ kan bá wá ẹni tí ó lè ṣe é, kí ó bá yín lẹ́nu rẹ̀.

Kí n tó kúrò ní bárékè, mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi títí ó fi dá fóònù padà. Èmi àti ọmọ náà mú ìran tí kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, a sì ń kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sínú ìwé. Ọmọbìnrin kan ti ilé ìwé dé, ó ní “Tadaima.” Mo kọ “Mo ti dé.” Ẹ̀gbọ́n mi tí ó dúró lẹ́yìn wa ní: “Ọmọ wo ní ń wọlé bá ìyá rẹ̀ tí ń sọ̀rọ̀ báyẹn? ‘Ẹ káàsán, mà, mo ti dé’ ni kí ẹ kọ.” Ó fa àga, ó jókòó tì wá. Kí a tó parí, ó ti tún ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ wa ṣe, a kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan lẹ́nu rẹ̀.

Ó dìgbà kan ná. Ire o.