Ohun tí ó ṣíwájú àti ohun tí ó fà á

Ọ̀rọ̀ àpèjúwe kan wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, causal, tí a ń lò fún ohun tí ó bí ohun mìíràn. Yorùbá kò ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tí ó bá a dọ́gba. Àwa a máa wí pé 'ohun tí ó fà á', tàbí kí a pè é ní okùnfà. Orúkọ náà ṣe kedere: okùn ni, ó sì ń fa nǹkan. Níbi tí okùn kò bá sí, kò tọ́ kí a lo ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ìlòkulò rẹ̀ pọ̀ ní àárín wa.

Àkùkọ a kọ, ilẹ̀ a sì mọ́. Ta ni yóò wí pé àkùkọ ni ó fa ojúmọ́? Bí a bá pa gbogbo àkùkọ Ẹdẹ jẹ lọ́jọ́ ọdún, ilẹ̀ yóò mọ́ lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa ní oòrùn ni ó fa ibà, nítorí pé àgbẹ̀ a ti oko bọ̀, ibà a sì dá a dùbúlẹ̀. Ní ọdún 1897, ní ilẹ̀ Íńdíà, dókítà Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn. Omi òjò tí ó dárogún lẹ́bàá odò Ọ̀ṣun níhìn-ín a máa jẹ́ kí ẹ̀fọn pọ̀ sí i: olùrànlọ́wọ́ ni òjò; kòkòrò tí ẹ̀fọn ń gbé kiri ni okùnfà. Oòrùn kò sí níbẹ̀ rárá.

Ọ̀ràn yìí ju ti gírámà lọ. Òwe wa kan wí pé, 'Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ?' Èmi kò fara mọ́ ìdájọ́ náà. Lára àwọn ọmọ tí a pè ní àbíkú ni àwọn tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde pa, àrùn tí ọmọ ń jogún nínú ẹ̀jẹ̀ bàbá àti ìyá rẹ̀. Síbẹ̀, ìyá arúgbó tí ń gbé ní ìtòsí ni a ń nàka sí. A ba aláìṣẹ̀ lórúkọ jẹ́, a kò sì wá okùnfà tòótọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ mìíràn lè tún ti ibẹ̀ kú.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ tó kọ ọ́ sínú àròkọ pé nǹkan kan ni okùnfà òmíràn, ẹ kọ́kọ́ wá okùn náà. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ kọ ọ́ pé ó ṣíwájú, kí ẹ sì dúró níbẹ̀.