Ojú Tí Kámẹ́rà Kò Rí

"À ń sọ fọ́tò kékeré di ńlá, kò sì ní bàjẹ́ rárá." Irú ìlérí báyìí kò ṣàjèjì mọ́ ní ìlú Ọ̀fà. Ó wà lẹ́nu àwọn tí ń tẹ bánà òkú àti ti ìgbéyàwó, ó wà lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ajé, ó sì wà nínú fóònù akẹ́kọ̀ọ́ girama tí ó ti rí áàpù ọ̀fẹ́ kan gbà. Ìlérí dídùn ni. Irọ́ sì ni pẹ̀lú, owó tí wọ́n ń gbà lé e lórí ló sì kéré jù nínú ìpalára rẹ̀.

Ẹ wo ìdílé kan tí ó fẹ́ ṣe ìrántí bàbá wọn àgbà. Fọ́tò kan ṣoṣo ló kù, èyí tí ó ti wà nínú fírémù lára ògiri láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Ọmọ kan fi fóònù ya fọ́tò náà láti orí ìdúró, ó fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Èkó lórí WhatsApp, ẹ̀gbọ́n náà sì fi ránṣẹ́ padà sí onítẹ̀wé ní Ọ̀fà. Ibi ìfiránṣẹ́ yìí gan-an ni fọ́tò náà ti kọ́kọ́ sọnù díẹ̀díẹ̀, nítorí WhatsApp máa ń fún fọ́tò kéré kí ó tó gbé e lọ. Onítẹ̀wé wò ó, ó rí i pé ó ṣú, ó sì jù ú sínú ẹ̀rọ tí ń tún ojú ṣe. Nígbà tí bánà jáde, ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá ń dán bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ogún ọdún. Ilà ojú rẹ̀ ti di òjìji. Àwọn ọmọ-ọmọ tí kò bá a láyé ń yìn ín pé ó lẹ́wà. Ìyàwó rẹ̀ tí ó ṣì wà láyé nìkan ló ń wo bánà náà láìsọ̀rọ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò le láti yé ènìyàn. Fọ́tò inú kọ̀ǹpútà kò ju àkójọ àmì àwọ̀ tíntìntín lọ, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní píksẹ́ẹ̀lì. Fọ́tò tí ó ní píksẹ́ẹ̀lì 640 ní ìbú àti 480 ní òró ní 307,200 lápapọ̀. Gbogbo ohun tí ó kù tí kọ̀ǹpútà mọ̀ nípa bàbá náà nìyẹn. Bí wọ́n bá wá fẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po mẹ́rin ní ìbú àti ìlọ́po mẹ́rin ní òró, àyè tí píksẹ́ẹ̀lì yóò kún di 4,915,200. Nínú gbogbo mẹ́rìndínlógún, ẹyọ kan péré ló ti ara bàbá wá. Níbo ni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yòókù ti wá?

Ní ayé àtijọ́ ti kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ máa ń wo àwọn àmì tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a sì fi àwọ̀ tí ó wà láàárín wọn dí àlàfo. Bí ẹni da omi sí ọbẹ̀ ni. Ìkòkò kún, adùn kò pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n olóòótọ́ ni ọbẹ̀ olómi. Ẹni tí ó bá tọ́ ọ wò yóò mọ̀. Fọ́tò tí wọ́n fẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń ṣú, ìṣúṣú rẹ̀ sì ń sọ fún olùwòran pé, "Ibí ni ohun tí kámẹ́rà rí parí sí." Láti nǹkan bí ọdún 2014 ni àwọn onímọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọ̀nà mìíràn: wọ́n fi àìmọye fọ́tò kọ́ ẹ̀rọ, títí ó fi lè méfò ohun tí ó yẹ kí ó wà níbi tí kò sí nǹkan. Ẹ̀rọ yìí kò da omi sí ọbẹ̀ mọ́. Ìkòkò aládùúgbò ló ti lọ bu kún un, ó sì gbé e wá síwájú onílé pé ọbẹ̀ rẹ̀ ni.

Ẹni tí ó bá rò pé àsọdùn ni èyí, kí ó wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2020. Àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n pè ní PULSE, tí ń sọ ojú tí ó ṣú di ojú tí ó mọ́ kedere. Ẹnìkan gbé fọ́tò Barack Obama tí wọ́n ti mú kí ó ṣú fún un. Ojú tí ó pọ́n jáde mọ́ kedere lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú ọkùnrin aláwọ̀ funfun ni. Bí olórí orílẹ̀-èdè tí gbogbo ayé dá mọ̀ bá lè di ẹlòmíràn lọ́wọ́ ẹ̀rọ, kí ni yóò ṣẹ́kù lára àgbẹ̀ kan ní ilẹ̀ Ìbọ̀lọ́ tí fọ́tò rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ? Àwọn tí wọ́n ṣe PULSE kò tilẹ̀ fi bò pé ojú tí kò sí rí ni ẹ̀rọ wọn ń dá, àti pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi dá ènìyàn mọ̀. Àwọn tí ń ta irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni kì í sọ ọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dun Yorùbá jù ni ti ilà. Àbàjà kì í ṣe pélé, pélé kì í sì í ṣe gọ̀ǹbọ́. Iye ilà, gígùn rẹ̀, bí ó ṣe dùbúlẹ̀ tàbí bí ó ṣe dúró, gbogbo rẹ̀ ló ń sọ ìdílé àti ìlú tí ènìyàn ti wá. Nígbà tí ọ̀pọ̀ kò kọ ilà fún ọmọ mọ́, inú fọ́tò àwọn àgbà nìkan ni àwọn ìran tí ń bọ̀ yóò ti máa rí i. Ẹ̀rọ tí kò rí ilà tó nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ yóò rò pé àbùkù ara ni, tàbí ìdọ̀tí orí ìwé. Yóò nù ún kúrò. Bí ó bá sì gbìyànjú láti fi í sílẹ̀, ó lè sọ mẹ́ta di méjì. Ọmọ tí ó bá fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kọ ìtàn ìdílé rẹ̀ ti kọ ìtàn ìdílé ẹlòmíràn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Lawal ti ṣàlàyé nínú àpilẹ̀kọ kan tí ó jáde ní ọdún 2001 pé inú "à-wò-rántí" ni ọ̀rọ̀ náà "àwòrán" ti wá. Ta ni ìdílé náà ń rántí nígbà náà, bàbá wọn ni tàbí àlejò?

Àwọn kan yóò ní àwọn ayàwòrán àtijọ́ náà ń fọwọ́ kan fọ́tò. Òótọ́ ni, àríyànjiyàn tó lágbára sì ni. Stephen Sprague, tí ó ṣe ìwádìí ní Ìlá Ọ̀ràngún ní ọdún 1975, ròyìn bí àwọn ayàwòrán ibẹ̀ ṣe ń ya ìbejì tí ó kù láyé, tí wọn yóò sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan ṣoṣo kí ó lè dà bí ẹni pé ìkejì rẹ̀ jókòó tì í. Ṣùgbọ́n ìyá ìbejì mọ ohun tí ayàwòrán ṣe, òun gan-an ló bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀ kí ó ṣe é, gbogbo ilé ló sì mọ̀. Ojú tí wọ́n lò kò sì jìnnà, ojú ìkejì rẹ̀ ni. Iṣẹ́ ìtùnú ni, kò sí ẹni tí wọ́n tàn jẹ níbẹ̀. Ẹ̀rọ òde òní kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, onítẹ̀wé tí ń lò ó pàápàá kò mọ ojú ta ni ó yá.

Ọ̀rọ̀ yìí sì lè kọjá ti òkú. Ọ̀fà kò tí ì gbàgbé ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2018, nígbà tí àwọn adigunjalè ya wọ àwọn báńkì ìlú náà tí wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọlọ́pàá wà nínú wọn. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọlọ́pàá gbé àwòrán tí kámẹ́rà yà síta pé kí ará ìlú sọ ẹni tí wọ́n bá dá mọ̀. Bí ìbínú bá mú ọ̀dọ́ kan gbé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ sínú áàpù kí ojú lè mọ́ sí i, ojú kan yóò mọ́ lóòótọ́, ó sì lè jọ ti ọmọ aládùúgbò tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀ràn náà. Nítorí irú èyí ni adájọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹta ọdún 2024, fi kọ̀ láti gba fídíò tí ẹ̀rọ báyìí ti tún ṣe gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí nínú ẹjọ́ ìpànìyàn.

Kò túmọ̀ sí pé kí fọ́tò máa wà ní kékeré títí ayé. Bí wọ́n bá yọ fọ́tò àtijọ́ tí ó jẹ́ ínṣì 4 sí 6 kúrò nínú fírémù, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ síkánà kà á ní 600 lórí ínṣì kọ̀ọ̀kan, yóò ní píksẹ́ẹ̀lì 2,400 sí 3,600, gbogbo rẹ̀ yóò sì ti ara ìwé náà gan-an wá. Kí wọ́n fi ránṣẹ́ bí ìwé lórí WhatsApp, kì í ṣe bí fọ́tò, kò ní dín kù. Bánà ẹsẹ̀ bàtà 10 kò sì béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹni tí ó dúró ní mítà 3 sí i kò lè rí ju nǹkan bí àmì 30 lọ lórí ínṣì kan. Olùkọ́ ìṣirò lè fi ìyẹn ṣe iṣẹ́ kíláàsì: ínṣì 120 lọ́nà 30 jẹ́ 3,600 gẹ́lẹ́.

Bí ìdílé bá sì tún fẹ́ kí ẹ̀rọ parí ojú náà, kí wọ́n gbé fọ́tò kékeré ti àtijọ́ sí igun bánà, kí wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ èyí tí ó tóbi pé kọ̀ǹpútà ló parí rẹ̀. Ìlà ni kọ̀ǹpútà fi ń fa lẹ́tà, kì í ṣe píksẹ́ẹ̀lì. Bí ó ti wù kí wọ́n fẹ gbólóhùn yẹn lójú tó, kò ní bàjẹ́.