Láti Ẹdẹ ni ìdáhùn ti wá, kí la fẹ́ fi ṣe?

Ẹ bi àwọn ọ̀dọ́ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì wa pé ibo ni wọ́n ń lọ tí wọ́n bá parí. Kánádà, Amẹ́ríkà, Ìlú Ọba ni ẹ máa gbọ́. A ò bú wọn o. Ẹni tí iná mànàmáná ń lọ mọ́ lọ́wọ́ nínú yàrá àyẹ̀wò ló mọ ohun tójú rẹ̀ ń rí. Àmọ́ ìtàn kan wà tó yẹ kí wọ́n gbọ́ kí wọ́n tó di ẹrù.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi kì í ṣe ọmọ Yorùbá, Cameroon ni wọ́n bí i sí. Yunifásítì Ìbàdàn ló ti gboyè ọ̀mọ̀wé, ó sì tún ṣèwádìí ní Harvard ní Amẹ́ríkà. Ibà ló kọ́kọ́ gbájú mọ́. Kí ló dé tí oògùn tó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ kò ràn án mọ́? Inú jíìnì kòkòrò ibà ló ti ń wá ìdáhùn, torí ibẹ̀ ni kòkòrò náà ti ń yí padà títí apá oògùn kò fi ní ká a mọ́.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń dé Harvard tí wọn kì í padà wálé. Happi padà. Yunifásítì Redeemer's ló gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ibẹ̀ sì ni wọ́n dá ACEGID sílẹ̀, ibùdó tó ń ka jíìnì àwọn kòkòrò tó ń fa àjàkálẹ̀ àrùn.

Ní July 2014, ọkùnrin kan gbé Ebola wọ Èkó láti Liberia. Yàrá àyẹ̀wò Happi wà lára àwọn tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Ebola ni. Èèyàn 20 ló kó àrùn náà ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú, Dókítà Ameyo Adadevoh wà nínú wọn. Nígbà tó fi máa di October 20 ọdún yẹn, àjọ WHO ti kéde pé kò sí Ebola ní Nàìjíríà mọ́. Ẹ ro ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ní Èkó ká ní wọn kò tètè mọ ohun tó jẹ́.

Nígbà tó di 2020, tí kòrónà wọlé, ACEGID ní Ẹdẹ, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ló ka jíìnì kòkòrò náà láti ara aláìsàn àkọ́kọ́ tí wọ́n rí ní Nàìjíríà. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo Áfíríkà. Ẹ máa wo jíìnì kòrónà bí ìwé tó ní nǹkan bí 30,000 lẹ́tà. Bí kòkòrò náà ṣe ń da ara rẹ̀ kọ ló ń ṣe àṣìṣe díẹ̀díẹ̀, àṣìṣe yẹn sì làwọn onímọ̀ fi ń mọ ibi tó ti wá àti ibi tó ń lọ.

Àwọn ọ̀mọ̀wé máa ń ka iye ìgbà tí àwọn ẹlòmíì tọ́ka sí iṣẹ́ ẹnì kan, wọ́n á ní ibẹ̀ ni iyì rẹ̀ wà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ Happi wà lára àwọn tó kọ ìwádìí Ebola kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn Science lọ́dún 2014, tí wọ́n ka jíìnì 99 láti ara aláìsàn 78 ní Sierra Leone. Kí ìwádìí náà tó jáde, Ebola ti pa márùn-ún nínú àwọn tó kọ ọ́. Iye wo lẹ fẹ́ fi ka ìyẹn?

Àwọn kan á ní, "Ṣebí owó òyìnbó ni wọ́n fi ń ṣe é." Wọn ò parọ́. Báńkì Àgbáyé wà lára àwọn tó gbé ACEGID dìde. Ohun tó ń kọ wá lóminú gan-an nìyẹn. Ọjọ́ tí olówó bá ní ó tó gẹ́ẹ́, ta ló máa ra epo sí jẹnẹrétọ̀? Àwọn àgbà ní rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu.

Ìdí nìyí tí a fi ń sọ fún ìjọba àpapọ̀ àti àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá pé kí owó ìwádìí wà nínú ìṣúná lọ́dọọdún, kó má jẹ́ ìgbà tí àrùn bá ti wọlé nìkan. Kí iná má kú ní yàrá àyẹ̀wò. Kí iṣẹ́ sì wà fún àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti kọ́ mọ̀ọ́ṣe.

Ibà Lassa ṣì ń pa èèyàn lọ́dọọdún, ẹ bi wọ́n ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Láti 1969 la ti mọ kòkòrò rẹ̀, títí di báyìí kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára kankan fún un tí wọ́n ti fọwọ́ sí. Ó lè jẹ́ ìwọ tó ń ka èyí lórí fóònù nínú bọ́ọ̀sì lo máa ṣe é. A kàn fẹ́ kó jẹ́ pé ilé lo ti máa rí àyè ṣe é ni.