Ikú Orí Omi ní Sókótó: Ẹ Jẹ́ Ká Yé Pè É Ní Àmúwá Ọlọ́run

Ẹ̀yin ará mi, ọmọ káàárọ̀-oò-jíire tí ń gbé ní Sókótó, nínú irú ìwé ìrántí báyìí, ohun tí a sábà máa ń kà ni oríkì ìlú, ìkíni kú oríire àti àwòrán àwọn olóyè wa. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí kò yẹ ká fi ayẹyẹ bò mọ́lẹ̀, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ àwọn tó ń bá omi lọ ní ìpínlẹ̀ yìí.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ọkọ̀ ojú omi kan dojú dé ní ìjọba ìbílẹ̀ Goronyo. Ọjà Goronyo ni àwọn èrò inú rẹ̀ ń ná lọ. Ìròyìn àkọ́kọ́ tí àjọ NEMA gbé jáde sọ pé wọ́n lé ní 50, pé nǹkan bí 10 ni wọ́n rí yọ, wọ́n sì ń wá àwọn tó ju 40 lọ. Ṣáájú ìgbà náà, ní oṣù Kẹrin 2022, àwọn obìnrin àti ọmọdé tó ju 20 lọ ló kú sómi ní Shagari nígbà tí wọ́n ń lọ ṣẹ́gi ìdáná. Ní oṣù Karùn-ún 2023, ní Shagari kan náà, ó kéré tán, ọmọ 15 tún kú. Igi ìdáná náà ni wọ́n tún ń lọ ṣẹ́. Ìjọba ìbílẹ̀ kan náà, ìdí kan náà, láàárín oṣù 13! Ṣé àmúwá Ọlọ́run nìyẹn? Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ lẹ́ẹ̀kan, a lè pè é ní èèṣì. Bí ó bá tún bu ẹlòmíràn jẹ, olówó ajá ni à á bi léèrè.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé, "Kí ló kàn wá? Àlejò ni wá níbí, mọ́tò la sì ń wọ̀." Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ta àlùbọ́sà àti ayù, ẹ̀yin tí ẹ ń kó o ránṣẹ́ sí Ìbàdàn àti Èkó, ẹ bi ara yín léèrè bí ọjà náà ṣe ń jáde láti oko etí odò Rima. Ẹ̀yin òbí, ẹ rántí oṣù Kẹsàn-án 2010, nígbà tí àgbàrá ya láti Goronyo tó sì gé ọ̀nà Yunifásítì Usmanu Danfodiyo kúrò lára ìlú. Àwọn ọmọ wa wà lára àwọn tó ń kàwé níbẹ̀. Ẹ̀yin ará Kwara, ẹ kò tíì gbàgbé oṣù Kẹfà 2023, nígbà tí àwọn tó ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ kú sínú odò Niger ní ìhà Pategi, tí òkú wọn ju 100 lọ. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Àwọn mìíràn ń dá àwọn atukọ̀ lẹ́bi pé wọ́n ń kó èrò ju bó ti yẹ lọ. Òótọ́ ni. Ní oṣù Karùn-ún 2021, ọkọ̀ tó ń lọ sí Wara ní ìpínlẹ̀ Kebbi kó èrò tó ju 160 lọ, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ NIWA sọ pé 80 ló yẹ kó kó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: bí ọjọ́ ọjà bá pé, tí ọkọ̀ kò tó, tí afárá kò sí, kí ni ẹni tó fẹ́ tà kó tó jẹun yóò ṣe? Ìjọba àpapọ̀ ló sé odò Rima tó fi di adágún ńlá ní Goronyo. Ọdún 1984 ni iṣẹ́ ìdídò náà parí. Ẹni tó bá fi omi dí ọ̀nà ará abúlé, òun náà ló yẹ kó wá ọ̀nà mìíràn fún wọn.

Mo ti lo èyí tó pọ̀ nínú ọjọ́ ayé mi nídìí fáìlì ìjọba, mo sì mọ bí ẹ̀ṣẹ̀ ṣe ń ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn. Ìpínlẹ̀ á ní iṣẹ́ NIWA ni. Wọ́n á ní Lokoja ni orí iléeṣẹ́ NIWA wà. Ìjọba ìbílẹ̀ á ní kò sówó. Lónìí, àwáwí náà ti tán. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé ọwọ́ ìjọba àpapọ̀, nípasẹ̀ NIWA, ni àkóso ojú omi abẹ́lé wà. Ìwé òfin 1999, nínú àfikún kẹrin rẹ̀, sì kọ ọ́ kedere pé ìjọba ìbílẹ̀ ni yóò máa fún kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ọ̀pọ́n àti ọmọlanke níwèé àṣẹ. Nípa ti owó, ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, ilé ẹjọ́ kan náà pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ bá wọn tààrà. Ta ló wá kù tí kò níṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Ohun tí a ń béèrè kò ju agbára ìjọba lọ:

1. Kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ orúkọ gbogbo ọkọ̀ àti atukọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n kun ilà sára ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan láti fi ibi tí omi kò gbọdọ̀ kọjá hàn.

2. Kí NIWA ní òṣìṣẹ́ ní èbúté Goronyo àti Shagari lọ́jọ́ ọjà. Kò tó kí wọ́n wá lẹ́yìn ìsìnkú.

3. Kí ẹ̀wù tí í gbé ènìyàn léfòó wà nínú ọkọ̀, kí a má sì gbà kí ọkọ̀ kankan ṣí láìjẹ́ pé èrò wọ̀ ọ́. Pípín ẹ̀wù níwájú kámẹ́rà nìkan kò gba ẹ̀mí là.

4. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ ṣe ètò afárá àti ọ̀nà fún àwọn abúlé tí omi gé mọ́lẹ̀, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ènìyàn ti kú.

Ẹ wo Èkó. Ìjọba ibẹ̀ fi òfin dá LASWA sílẹ̀ ní 2008, èbúté gidi sì wà lónìí ní Ìkòròdú, Falomo àti Badore. Ìjàǹbá kò tíì tán níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wọkọ̀ mọ ẹni tí yóò bá wí. Sókótó náà jẹ́ ìpínlẹ̀.

Àwa ńkọ́? Ohun tí kò bá sí nínú ìwé ètò ìnáwó ọdún, ẹnu lásán ni. Kí ọdún tó parí ni wọ́n ń ṣe ìwé náà. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ wa kọ lẹ́tà ṣáájú oṣù Kẹsàn-án, kí àwọn olórí wa mú un lọ sí ààfin Sultan, sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, àti sí àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kàn. Kí a pe àwọn ẹgbẹ́ Igbo, Nupe àti Zuru mọ́ra, kí àwọn onílé Hausa ṣíwájú wa. Kí a gba ìwé ẹ̀rí pé wọ́n gba lẹ́tà náà, kí a sì padà lọ béèrè èsì. Fáìlì tí kò lẹ́ni tó ń bi í léèrè, ekuru ni í bò ó.

Ilẹ̀ yìí gbà wá, ó bọ́ wa, ó tọ́ ọmọ wa. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rìn lọ́jọ́ tébi ń pa ọ̀nà, yálà ti ilẹ̀ tàbí ti omi. Àṣẹ.