Ìró Tí Ń Gbẹ́ Àpáta

Ọ̀rọ̀ òkúta kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní Onitsha. Ìlú ọjà ńlá yìí, tí afárá kejì orí Odò Ọya tún so mọ́ Asaba ní ọdún 2023, kò dẹ́kun ilé àti ọ̀nà kíkọ́. Ṣùgbọ́n yanrìn àti amọ̀ ni ó pọ̀ nínú ilẹ̀ rẹ̀. Láti àwọn kúárì bíi ti Ìpínlẹ̀ Ebonyi ni òkúta líle ti ń wá, níbi tí wọ́n ti ń fi dáínámáìtì fọ́ àpáta.

Iṣẹ́ ńlá ni irú ẹ̀tù bẹ́ẹ̀ ń ṣe, ewu rẹ̀ kò sì kéré. Ìbàdàn kò lè tètè gbàgbé ọjọ́ 16 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, nígbà tí ẹ̀tù bú gbàmù ní Bódìjà. Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sọ pé àwọn awakùsà tí kò gba àṣẹ ni wọ́n kó o pamọ́ sínú ilé níbẹ̀. Ẹ̀mí ṣòfò, ọ̀pọ̀ ilé sì bàjẹ́.

Ọ̀nà mìíràn wà. Ní nǹkan bí ọdún 2000, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ NASA ní Amẹ́ríkà ṣe irinṣẹ́ kan tí ó ń fi ìró gbẹ́ àpáta. Iná mànàmáná ni ó ń mú ohun líle kan bí amọ̀ sísun gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 20,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbígbọ̀n yìí ni ó ń mú kí ẹnu irin máa lu àpáta léraléra títí yóò fi di lẹ́búlẹ́bú, láìjẹ́ pé ènìyàn fi agbára tẹ̀ ẹ́. Irú gbígbọ̀n bẹ́ẹ̀ ni dókítà eyín fi ń ha ìdọ̀tí líle kúrò lára eyín. Fún ilẹ̀ yanrìn àti amọ̀ bíi ti Onitsha, ẹ̀rọ ńlá wà tí ó ń mú páìpù gbọ̀n ní ìgbà tí ó lè tó 150 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Yóò fa ilẹ̀ jáde bí ó ti wà, kí àwọn onímọ̀ lè yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó ri òpó afárá tàbí ìpìlẹ̀ ilé.

Òótọ́ ni pé irinṣẹ́ NASA kéré, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì yá. Kò lè rọ́pò dáínámáìtì ní kúárì ńlá lónìí. Síbẹ̀, níbi tí ilé ti sún mọ́ àpáta, ẹ̀mí ènìyàn ju ìyára lọ. Ó yẹ kí ìjọba pèsè owó fún àwọn yunifásítì àti pólì, kí àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ lè kọ́ ìmọ̀ yìí, kí wọ́n sì mú un bá àpáta Nàìjíríà mu. Kí ó tó dìgbà náà, ó di dandan kí ìjọba gba ẹ̀tù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí kò ní àṣẹ, kí ó má sì jẹ́ kí wọ́n kó o sí àdúgbò ènìyàn mọ́.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.