Òjò ń ti Bẹ̀nẹ̀ bọ̀: ta ni yóò kìlọ̀ fún Kambolé?

Ẹni tó sá gbágùúdá ní Kambolé mọ̀ pé òjò oníjì kì í sábà ti ọ̀nà Sokodé wá. Ìlà-oòrùn ló ti ń ṣú, ó sì lè rin 50 kìlómítà ní wákàtí kan. Láti Parakou dé Kambolé tó nǹkan bíi 130 kìlómítà. Òjò tó ti ń rọ̀ ní Parakou lè lò ju wákàtí méjì lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìyẹn tó láti kó gbágùúdá wọlé, ó sì tó fún awakọ̀ láti pinnu bóyá kóun ṣì gba ọ̀nà Tchamba.

Ẹ̀rọ rédà ló ń rí irú òjò bẹ́ẹ̀ lókèèrè. Ó ń rán ìgbì jáde. Tó bá kan ẹ̀kán òjò, díẹ̀ á padà. Bó ṣe pẹ́ tó kó tó padà ló ń sọ bí òjò ṣe jìnnà tó. Àwọn tuntun kan kì í yí awo kiri mọ́: eriali kéékèèké púpọ̀ ni wọ́n tò pọ̀, kọ̀ǹpútà á wo èyí tí ìgbì kọ́kọ́ kàn, bí etí wa méjèèjì ṣe ń mọ ibi tí ariwo ti wá.

Ní 2006, nígbà ìwádìí AMMA, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé gbé rédà wá sí agbègbè Djougou, bíi 100 kìlómítà sí wa. Ìwádìí ni wọ́n bá wá, kì í ṣe ìkìlọ̀ fún àgbẹ̀. Rédà wọ́n, kì í sì í ṣiṣẹ́ láìsí iná (ẹ mọ bí iná tiwa ṣe rí).

Èyí tó súnmọ́ wa ni òpó tẹlifóònù. Ìgbì ni òpó fi ń bá òpó sọ̀rọ̀, òjò sì ń dín agbára ìgbì náà kù. Ní Burkina Faso, wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ òpó méjì tó fi 29 kìlómítà jìnnà síra wò ní ìgbà òjò 2012: nínú 100 ọjọ́ òjò, ó rí bíi 95.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ iléeṣẹ́ tẹlifóònù ni àkọsílẹ̀ wà. Níbi tí wọ́n bá sì ti ri okùn fáíbà mọ́lẹ̀ dípò ìgbì, òjò kò kàn án mọ́. Èyí tó le jù ni pé àwọn òpó tí Kambolé nílò, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n wà. Lomé àti Cotonou ló gbọ́dọ̀ jọ fọwọ́ sí i. Kí ìkìlọ̀ náà sì jẹ́ ohùn, ní Ifẹ̀ àti ní Kotokoli, torí ẹni tó mú ọkọ́ lọ́wọ́ kò ráyè ka lẹ́tà lórí fóònù.